Iṣu Ìyá Òkè-Ìmẹ̀sí

Bàbá mi àtàtà,

Wọ́n ti fi mí jẹ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá búra ní Adó. Gbogbo Ìjerò ti gbọ́, àwọn akọ̀wé kóòtù sì ti ń tẹrí ba fún mi, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú Màmá ń dùn. Inú tèmi ò dùn, Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

Ẹ ò ní gbàgbé Ìyá Òkè-Ìmẹ̀sí, opó tí àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ gba oko kòkó mọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ jáde láyé, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Adájọ́ kan gbọ́ ọ dé ìdajì, wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Èyí tó tẹ̀lé e fẹ̀yìn tì. Ẹjọ́ á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìyá á tún búra, á tún ka àwọn odò tó pààlà oko náà láìfo ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.

Lánàá, ó gun ọ̀kadà wá sí ọ́fíìsì wa, ó gbé àpò iṣu tuntun dání, irú èyí tó máa ń gbé wá fún yín lọ́dọọdún. Ẹ máa ń sun ún lẹ́yìn ọ́fíìsì, ẹ ó fi epo jẹ ẹ́, ẹ ó wá máa wá nǹkan tẹ́ ẹ máa fi nu ọwọ́ kẹ́ ẹ tó kan fáìlì. Ìyá fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, mo dì í mú. Ó ń súre, ó ń sunkún. Ó gbà pé ẹjọ́ ti parí: ọmọ òun ti di adájọ́, ọmọ ẹni kì í sì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Báwo lẹ̀ bá ṣe ṣàlàyé fún un? Èmi gan-an lòfin ò gbà láyè láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, torí mo ti rò ó fún un rí. Mi ò sì lè rojọ́ fún un mọ́ láéláé. Fáìlì rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Arámọkọ, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò mọ oko náà. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó fi gèlè nu ojú rẹ̀.

Àárín àwa lọ́yà ni wọ́n ti ń mú adájọ́. Òyìnbó ló kó àṣà náà wá, a ò sì tíì rí èyí tó sàn jù ú. Wọ́n á fà wá kúrò lẹ́yìn àwọn èèyàn wa, wọ́n á gbé wa sórí àga, wọ́n á ní ká má mọ̀ wọ́n mọ́.

Màmá ò tíì dárí jì yín pé wọ́n fi ipò yìí lọ̀ yín nígbà kan, ẹ kọ̀, ẹ ò sì sọ ìdí rẹ̀. Ìgbéraga la pè é. Ṣé nítorí ìyá yìí ni? Ṣé ó yẹ kí èmi náà kọ̀? Mo fẹ́ ipò náà, Bàbá. Mi ò lè purọ́ fún yín.

Adájọ́ kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹjọ́ ní kóòtù. Èmi fúnra mi ni mo gbé àpò iṣu náà padà sẹ́yìn ọ̀kadà, mo fi okùn dè é. Ìyá ò bá mi jiyàn. Ó gbé iṣu rẹ̀ padà sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Mi ò tíì búra, mo ti dá ẹjọ́ àkọ́kọ́.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní jẹ iṣu tuntun lọ́dún yìí.