Màmá Ọlọ́bẹ, Ẹni Tí Ó Ń La Kajú Wò Kí Ó Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Lọ́dún 1943, nínú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ni a bí olóògbé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Ọlọ́bẹ. Bàbá wọn ni ó ń wọn ẹrù ní ibùdó náà. Aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún, ojú wọn sì là láti kékeré.

Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1950, wọ́n sì ṣe ipò kejì nígbà tí wọ́n jáde ní 1956. Ẹni tí ó ṣe ipò kìíní ṣì wà láàyè. Títí Màmá fi papòdà, wọn kò gbà pé ó mọ̀wé jù wọ́n lọ.

Ní 1961, Màmá rí iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí ó kọjú sí èbúté, níbi tí wọ́n ti ń kó kóró kajú jọ fún àwọn oníbàárà òkè òkun. Àgbàlagbà kan tí ó ń yẹ ẹrù wò ni ó kọ́ wọn níṣẹ́: kí wọ́n bu díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọ̀bẹ kékeré la kóró sí méjì, kí wọ́n wo inú rẹ̀. Inú kajú jìn bí inú ọmọ ènìyàn. Bí orúkọ Ọlọ́bẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àlejò kan tilẹ̀ gbé abọ́ wá lọ́jọ́ kan, ó ní wọ́n júwe ọlọ́bẹ̀ fún òun. Màmá na ọ̀bẹ sókè: "Èyí tí mo ní nìyí."

Ní 1965, wọ́n fẹ́ ọkọ wọn, oníṣòwò kajú tí ó ti fi oṣù mẹ́ta gbé àpò kan ṣoṣo wá fún àyẹ̀wò lójoojúmọ́, kí ó ṣáà lè rí wọn.

Ní 1974, ọkọ̀ ojú omi ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó ṣí nígbà tí Bàbá, ọkọ wọn, kó ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù méjì dé. Màmá là á wò. Kajú náà kò gbẹ, òmíràn ti ń bu. Wọ́n ní àwọn kò gbà á.

Ọ̀gá wọn ní, "Ìyáàfin, ẹrù baálé yín mà ni o."

Màmá ní, "Kajú ni mo là, ọ̀gá. N kò la ọkọ mi."

Àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ṣí, ẹrù Bàbá kù sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Bàbá fi ń jẹ oúnjẹ Màmá láìdáhùn ìkíni wọn. Ó dùn wọ́n dọ́kàn, wọ́n sì sunkún lójú àbúrò wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá tú àpò sílẹ̀ lágbàlá: "Ọlọ́bẹ, wá fi bí wọ́n ṣe ń sá a hàn mí."

Lóṣù kejì, lẹ́tà dé láti òkè òkun. Ẹrù ilé ìkẹ́rùsí mẹ́ta mìíràn ti bu lórí omi, wọ́n ti dá a padà. Ti ọ̀dọ̀ Màmá nìkan ni ó dé ní pípé. Oníbàárà tí ó kọ ọ́ ní àpò tí Màmá bá ti yẹ̀ wò, òun kò ní tún un yẹ̀ wò mọ́. Bàbá gba lẹ́tà náà, ó ń kà á kiri èbúté: "Ẹ ní ọlọ́bẹ̀ ló lọkọ? Èmi o, ọlọ́bẹ ló ni mí!"

Ní 1989, Màmá kó obìnrin méjìlá jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó kajú fúnra wọn. Epo inú èèpo rẹ̀ a máa bó ọwọ́. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó láìwọ ìbọ̀wọ́. Ní 1996, páálí kajú bíbó àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Lónìí, igba obìnrin ni ó ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Nínú ìjọ, ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n wà. Ohùn wọn kò dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó láyà láti sọ fún wọn.

Bàbá ṣáájú wọn lọ ní 2011. Màmá sùn nínú Olúwa ní 2023, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Àbúrò wọn obìnrin, ọmọ márùn-ún, ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá àti àrọ́mọdọ́mọ mẹ́ta ni ó gbẹ̀yìn wọn.

Ẹ sùn re o, Màmá. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ti dé ibi tí ẹsẹ̀ yín kò dé.