Ra Aṣọ Òjò Méjì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ní kí n kí ọ, ọrùn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ló tún ń ṣe wọ̀ǹkù-wọ̀ǹkù.

O ní kí n bá ọ yan aṣọ òjò tó fúyẹ́ tí kò wọ́n, tìrẹ àti ti Bàbá, fún òkè tí ẹ jọ máa ń gùn lọ́dọọdún. Má ra onírọ́bà, òógùn á rẹ ọ́ ju òjò lọ. Ra èyí tó ṣeé ká sínú àpò, tí wọ́n lẹ ojú rírán rẹ̀ pa nínú, torí ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Tí ìsọ̀ bá ń ta ti ọdún tó kọjá ní ẹ̀dínwó, òun náà dára.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ ọ̀nà jìn. Dókítà ní ọkàn Bàbá ò lè gba òkè gígùn mọ́. Kí wọ́n tó ti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ti jókòó sinmi.

Mo sọ fún wọn pé màá ní kó o ra ẹyọ kan. Wọ́n ní, "Kó ra méjì. Lọ́jọ́ tó bá ń gòkè, màá wọ tèmi jókòó síta, kí òjò kan náà pa wá."

Kí Ọlọ́run dá wọn sí dè ọ́. Jọ̀ọ́, tètè máa bọ̀. Má sì ra ìwọ̀n Bàbá àtijọ́. Aṣọ àkọ́bí mi ló ń bá wọn mu báyìí.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.