Ìbọn Bàbá Rẹ Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn mí, ọ́fíìsì ìjọba tí mo ń rìn lọ rìn bọ̀ ló fà á. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wàhálà mọ ilé rẹ bó ṣe mọ tiwa lóṣù yìí.

O mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń jẹ àgbàdo wa. Bàbá rẹ lọ ra ìbọn. Mo ní kí wọ́n ra wáyà ká fi ṣe ọgbà, ó dínwó ju ìbọn lọ, wọ́n ní ta ni ọkùnrin nínú àwa méjèèjì. Ẹni tó ta ìbọn kọ orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú ìwé ńlá kan, ó ní òun nìkan ló máa rí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí ẹ̀yin oníbọn wá ra àpótí irin tí ẹ máa ti ìbọn mọ́. Fóònù yẹn ló gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tó lọ sọ. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìbọn báyìí, ìkòkò ni mo máa ń fi dé e mọ́lẹ̀.

Ìyẹn ṣì kéré. Ìjọba ní kí gbogbo oníbọn wá forúkọ sílẹ̀. Bàbá rẹ ní ojú ń dun àwọn, èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ni mo gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ibi tí ìbọn ń gbé nínú ilé. Ṣé màá wá purọ́ fún ìjọba ni? Mo kọ ọ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ni, lẹ́yìn àpótí aṣọ mi. Wọ́n ní ta ló tún lè dé ibẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni, àfi ẹni tó bá mọ̀ pé abẹ́ òkúta ẹnu ọ̀nà ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà ní Ọjọ́bọ̀ tí àwa méjèèjì bá wà lóko. Akọ̀wé ní òun kò tíì rí fọ́ọ̀mù tó kún tó bẹ́ẹ̀ rí, ó ní àṣírí ni, inú mi sì dùn.

Lọ́jọ́ kẹta, káfíńtà òpópónà wa kí mi ní Ìyá Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì. Ọmọ mi, wọ́n ti lẹ gbogbo wa mọ́ ògiri! Orúkọ, nọ́ńbà ilé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òkúta, kò ku ẹyọ kan. Ẹnì kan tilẹ̀ ń ka tiwa sókè fún ìyá àgbà kan tí kò mú awò ojú wá. Mo pariwo. Akọ̀wé ní kí n fara balẹ̀, pé àṣírí ni lóòótọ́, inú ọgbà ìjọba ló ṣáà wà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ kí oníkálukú lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀ ni. Mo ní kó yọ tiwa kúrò. Ó ní kò ṣeé yọ, àfi kí n gbé ìbọn síbòmíràn, kí n gba fọ́ọ̀mù tuntun, kí n kọ ibi tuntun náà sí i. Mo bi í pé ṣé ìyẹn náà á lọ sára ògiri. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ Ajé.

Ṣé o rí ayé mi? Bàbá rẹ kò lọ sóko mọ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ṣọ́ ìbọn tí a rà kó máa ṣọ́ àgbàdo. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ ẹbè mọ́kànlá. Bí wọ́n bá jẹ ìyókù, kò sóhun tí a máa jẹ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ìwọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, jọ̀ọ́, wọ inú ti ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ kan kí iṣẹ́ tó kún, kí o pa abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn rẹ́. Jẹ́ kí orúkọ wa wà níbẹ̀, a kì í ṣe ọ̀daràn. Kí o sì fi owó wáyà ránṣẹ́ sí mi, àti ti àgádágodo kan tó wúwo. Má fi sọ́wọ́ bàbá rẹ o, ọta ni wọ́n máa fi rà.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ohun tó o ní, á sì bo àṣírí rẹ ju bí akọ̀wé ṣe bo tiwa lọ.

Ó ku ẹyọ kan. Mo ti gbé ìbọn kúrò níbẹ̀. Bàbá rẹ tó ń ṣọ́ ọ kò mọ̀, bí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á ní ká lọ gba fọ́ọ̀mù. Mi ò ní kọ ibi tí mo gbé e sí sínú lẹ́tà yìí, nítorí awakọ̀ tó ń mú un bọ̀ mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n bí o bá wálé, má kàn ju ara rẹ lu bẹ́ẹ̀dì yàrá rẹ bó o ṣe máa ń ṣe o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé tìmùtìmù.

Èmi ni ìyá rẹ.