Orúkọ Méjìlélógún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọwọ́ mi ló ń kọ èyí. Èmi fúnra mi, ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin. Tíṣà ní kí oníkálukú wa ní kíláàsì àgbà máa kọ ohun tójú rẹ̀ rí sínú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ wò. Òun náà kò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo lè kọ ọ́ pé Tíṣà rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná, kò sì ní gbọ́.

Ọmọbìnrin mi àgbà ra fóònù fún mi, irú èyí tí wọ́n ń fi ìka ra lójú. Mo sọ ọ́ ní Olófòófó. Kò tíì pé wákàtí kan nílé mi tó fi ní kí n gbà kí òun máa mọ ibi tí mo wà, kí n gbà kí òun máa gbọ́ ohùn mi, kí n gbà kí òun máa wo àwòrán mi. Ọkọ tó fẹ́ mi fún ogójì ọdún kò béèrè ìdajì rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni — gbà, gbà, gbà. Mo ní, ìwọ ọmọ yìí, o ò ka ohun tí o ń gbà. Ó ní, Màmá Àgbà, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Háà! Èmi ń forí ṣe fọrùn ṣe kí n lè mọ̀wé kà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò kà á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Kíláàsì. Èmi àti Abẹ́rẹ́ lórí bẹ́ńṣì kan náà. Abẹ́rẹ́ ni mo ń pe aránṣọ tó ń jókòó tì mí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀, àti nítorí ẹnu rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú Àkàbà ló ń ṣe. Èmi ń ṣe Ẹgbẹ́ Fìtílà. Kò sí ẹ̀kẹta tó ṣeé kà. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ yín tan fìtílà fún odidi ọdún mẹ́rin, ẹ ò sì rí ihò tó wà lójú títì. Mo ní, ẹ̀yin tí ẹ gun àkàbà ní ọdún mẹ́rin tó ṣáájú, ẹ ò tíì sọ̀ kalẹ̀ wá kí wa. Káfíńtà tó jókòó lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì lu pátákó.

Lẹ́yìn náà mo bá a dé ṣọ́ọ̀bù. Òwú ló kún ògiri rẹ̀. Oníbàárà kan, òwú kan. Ó ń ta kókó sí i bí ìwọ̀n bá ṣe rí: kókó àkọ́kọ́ ni èjìká, èkejì ni àyà, ẹ̀kẹta ni ìbàdí, ìkẹyìn ni gígùn. Àwọn oníbàárà rò pé bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ ni, wọ́n máa ń fi yangàn. Àwa ará kíláàsì nìkan la mọ̀ pé kò mọ nọ́ńbà kọ ni kó tó wá sí kíláàsì. Ogún ọdún ló ti ń fi àṣírí yìí rán aṣọ. Ní báyìí ilé ìwé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ti kó yúnífọ́ọ̀mù ọgọ́ta ọmọ fún un. Ó ń kọrin bó ṣe ń ta kókó sí òwú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá láti Ẹgbẹ́ Fìtílà. Aṣọ tó mọ́, eyín tó funfun. Mo sọ ọ́ ní Ẹ̀rín. Ó ní ẹgbẹ́ fẹ́ ran àwọn kíláàsì àgbà lọ́wọ́: ìwé, bíró, bẹ́ńṣì tuntun. Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan lòún nílò. Kí n máa pè é, kí òun máa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.

Mo ní kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀wé kọ.

Mo jókòó sídìí tábìlì. Mo kọ orúkọ méjìlélógún, mo kọ nọ́ńbà wọn — gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, a kọ ọ́ fún ara wa lọ́sẹ̀ tí Tíṣà kọ́ wa ní nọ́ńbà. Àyè ṣì kù lápá ọ̀tún. Ojú ìwé tó ṣófo kò wù mí, mo fi iṣẹ́ oníkálukú sí i àti ibi tó ti ń ṣe é. Ìlà tó tọ́. Kò sí ibi tí mo pa rẹ́. Ẹ̀rín wò ó, ó ní, Màmá, ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára ju ti ọ̀gá mi lọ. Ó yà á ní fọ́tò, ó lọ.

Ọmọ-ọmọ mi ní ṣé mo bi wọ́n kí n tó fún un. Mo ní, bi ta ni? Orúkọ kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Torí kí wọ́n lè pè wá ni wọ́n ṣe sọ wá lórúkọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára ju ti ọ̀gá mi lọ. — Mo tún un kọ kí n lè máa rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Olófòófó dún lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́. Mo kà á fúnra mi: Ẹgbẹ́ Fìtílà kí àwọn ìyá àti bàbá wa tí kò mọ̀wé rí, tí ilẹ̀ ń mọ́ fún báyìí. Ẹ wò wọ́n. Ẹ dìbò fún ìmọ̀lẹ̀.

Fọ́tò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé mi. Ọwọ́ mi. Kí n má purọ́ fún ojú ìwé yìí: inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rí ọwọ́ mi lójú fóònù. Mo pe ọmọ-ọmọ mi kí ó wá wò ó.

Òun ló sọ fún mi pé gbogbo àdúgbò ló rí i. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì rí i. Àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ rí i. Ìlà kẹrin ni mo wá tẹjú mọ́: orúkọ Abẹ́rẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, lẹ́yìn náà — aránṣọ, ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé ìwé.

Mo jókòó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kíláàsì gbóná. Káfíńtà ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ń bi òun bóyá òun lè ka téèpù. Ìyá kan ń sunkún, àwọn àna rẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò wá. Ta ló ní orúkọ gbogbo wa lọ́wọ́? Tíṣà ni! Ẹnì kan ní Tíṣà ti tà wá fún olóṣèlú. Òmíràn ní àbí ẹ ò rí bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n na fọ́tò náà sí Tíṣà lójú. Ó wò ó pẹ́. Ta ló ń máàkì ìwé iṣẹ́ kíláàsì mi bí kò ṣe òun? Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó tún wo ilẹ̀. Ó dá fóònù padà fún wọn.

Èmi tí mo máa ń pòwe bí òjò, mo tẹ orí ba ìwé mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo fẹ́ lọ bá Abẹ́rẹ́. Mo dé òdìkejì ọ̀nà, mo rí ọ̀gá ilé ìwé tó ń kó aṣọ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìdì lórí ìdì. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè kọ nǹkan sílẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìwọ̀n ọgọ́ta ọmọ? Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù lọ́rùn. Ẹnu yẹn. Kò fọhùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Èmi, àgbà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

N kò lọ sí kíláàsì. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Orúnkún kankan kò dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹgbẹ́ Àkàbà náà kọ̀wé sí mi láàárọ̀ yìí, wọ́n pe orúkọ mi ní kíkún. Ìyá wa ọ̀wọ́n, Fìtílà ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ dìbò fún wa. Níbo ni wọ́n ti rí nọ́ńbà mi? Níbi tí gbogbo ayé ti rí i. Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí náà ṣe ṣe é. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń rántí pé mo ní orúkọ.

Ẹ̀rín padà wá, pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ọ̀gá òun fẹ́ kí n bá wọn kọ orúkọ kíláàsì àgbà kejì. Mo ní kó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ ná. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní, ẹ wò ó, Màmá, ó ti lọ. Mo ní, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹlẹ́búrẹ́dì ńkọ́? Ó ní ìyẹn ti kúrò lọ́wọ́ òun. Mo sọ fún un pé ọ̀rẹ́ mi ti pàdánù iṣẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní ìwúrí ni àwọn pè é, pé ìyá tó bí òun gan-an kò mọ̀wé. Mo bi í bóyá ó ti kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù kankan.

Ó ní rárá.

Mo ní, o ṣeun, ọmọ mi. Máa lọ. N kò lè bú u. Òun béèrè ni. Èmi ni mo fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo lọ sí kíláàsì.

Èèyàn mẹ́wàá péré ló wá. Kí Tíṣà tó bẹ̀rẹ̀, mo dìde, mo fẹ́ sọ ọ́. Tíṣà rí mi. Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Mo rìn lọ sídìí pátákó, mo kọ ọ́: ÈMI NI MO KỌ Ọ́. Wọ́n kà á. Wọ́n mọ̀ ọ́n kà, gbogbo wọn. Wọ́n wo pátákó, wọ́n rántí fọ́tò.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, Ìyá Àgbà, a mà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu Tíṣà! Ìyá tó sunkún lọ́jọ́sí kò wo ojú mi. Ó kó ìwé rẹ̀, ó sún lọ sórí bẹ́ńṣì mìíràn. Ó tọ́ sí mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún Tíṣà, ọmọ tí mo lè bí. Ó fà mí dìde kí orúnkún mi tó kan ilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́. Ó ń gé aṣọ. Mo ní èmi ni. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ yà kúrò lójú ìlà, n kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní, ẹ̀yin? Mo ní, èmi. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, Àkàbà ni mo rò pé ẹ kò fẹ́, mi ò mọ̀ pé èmi ni.

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yin ọwọ́ mi, orí mi wú. Adìyẹ funfun tí kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ó ní kí n má pòwe fún òun lónìí.

Lẹ́yìn náà mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, kí n ṣàlàyé òwú, kí n bẹ̀ ẹ́. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó ní, ẹ ò ní lọ. Ẹ ti gbẹnu sọ fún mi tó. Ẹnu tèmi náà ń bẹ.

Mo ti fẹ́ tún un ṣe o! Lójú ẹsẹ̀ yẹn, mo tún ti fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

N kò lọ síbì kankan. N kò bẹ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó le jù tí mo ṣe lóṣù yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Abẹ́rẹ́ wá sí kíláàsì! Bẹ́ńṣì iwájú ló jókòó sí. Kò kí mi. Káfíńtà ló bi í nípa ilé ìwé, òun ló dá lóhùn, ṣùgbọ́n ó gbé ohùn sókè, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kó òwú àwọn ọmọ tí òun rán aṣọ ilé ìwé fún lọ́dún tó kọjá lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, òún ní kó fa èyíkéyìí yọ, òun yóò dárúkọ ọmọ tó ni ín, kó sì pè é. Ó fa mẹ́ta yọ. Wọ́n fi téèpù wọn àwọn ọmọ náà. Wọ́n ti ga sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọdún tó kọjá wà lára aṣọ tí wọ́n wọ̀, kókó òwú sì bá aṣọ mu. Ọ̀gá ilé ìwé dá ọgbọ̀n aṣọ padà fún un. Ọgbọ̀n tó kù ti wà lọ́wọ́ aránṣọ mìíràn, wọ́n ti gé e.

Káfíńtà ní ìdajì sàn ju òfo lọ. Abẹ́rẹ́ ní, ìdajì ni ìdajì ń jẹ́.

Àyè rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò gbé àpò mi síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kíláàsì parí, kóówá ń lọ. Abẹ́rẹ́ kò dìde ní bẹ́ńṣì iwájú. Ó pè mí láìwẹ̀yìn: Ẹ̀gbọ́n. Mo lọ.

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn ló kọ̀wé. Kò pè é, ó kọ ọ́ ni. Abẹ́rẹ́ ti ń kà á láti àná. Ó ti mọ ìdajì. Ìdajì tó kù ló ń já a láyà.

Mo wò yíká. Tíṣà ń nu pátákó. Mo bi Abẹ́rẹ́ bóyá kí n kà á sókè. Ó ní rárá, létí òun.

Mo jókòó tì í. Mo kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Níbì kan ó di ọwọ́ mi mú. Mo dúró títí ó fi ní kí n máa lọ. Nígbà tí mo parí, mo dá fóònù padà. Ó nu ojú rẹ̀. Ó tún na fóònù náà sí mi, ó ní kí n tún un kà.

Mo tún un kà.

Ọmọ-ọmọ mi rí ojú mi bí mo ṣe wọlé. Ó ní, Màmá Àgbà, kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ní kò sí.

Ohun tó wà nínú ìwé náà, n kò ní kọ ọ́ síbí.