Ẹni Tí Kò Dáhùn Nínú Ọkọ̀ Rẹ

                                        Ilé Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Iná Ọkọ̀,
                                        Ọ̀nà Ògbòòrò,
                                        Ṣakí,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Bélú, ọdún 2025.

Motúnráyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni mo bá ọ? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń gbọ́ oògùn? Ọlámipọ̀sí ńkọ́, ṣé ó ti gbà láti máa jẹun kó tó lọ sílé ìwé? Bàbá rẹ̀ náà ńkọ́? Mo kí gbogbo àwọn tó jókòó sídìí òfì lágbàlá yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìmúra ọdún. Ara tèmi le, àfi ọyẹ́ tó ti ń fọwọ́ kan ètè wa díẹ̀díẹ̀ níbí.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Nígbà tí mo pè ọ́ lánàá, o ò jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan délẹ̀. O ń sọ̀rọ̀, mo ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì wí. Ohun tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé gùn. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́: kà á tán kí o tó pe ẹnikẹ́ni, kí o sì kà á kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ inú ọkọ̀. Ọkọ̀ òde òní kì í ní ọpọlọ kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, jíà ní tirẹ̀, bíréèkì ní tirẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí o ti ń wo epo náà ní tirẹ̀. Àpótí kéékèèké ni wọ́n, wọ́n sì ń ránṣẹ́ síra wọn ní gbogbo ìgbà. Ẹ́ńjìnnì á sọ bí òun ṣe ń yí, bíréèkì á sọ bí táyà ṣe ń sáré, dáṣíbọ́ọ̀dù á gbọ́, á sì fi hàn ọ́. Orí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì péré ni gbogbo wọn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á dákẹ́, wọ́n á gbọ́. Wọ́n gbọ́n ju èmi àtìrẹ lórí fóònù lọ. Ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ yìí ló ń dàrú nínú bọ́ọ̀sì rẹ. Ọpọlọ kankan ò sọnù níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ò ní bá ọ lára mu, torí ohun tí Ṣùkúrù ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, sọ fún ọ ní gáréèjì Ìsẹ́yìn kọ́ nìyẹn. Òun ló so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọkọ̀, tó rí i pé ọpọlọ ẹ́ńjìnnì kò dáhùn, tó wá yíjú sí ọ pé, "Àǹtí, wọ́n ti yọ ojúlówó lọ, ògbólógbòó ni wọ́n fi rọ́pò. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi." Ọwọ́ Abíọ́nà ni kọ́kọ́rọ́ ń wà, àbúrò rẹ, ọmọ ìyá rẹ. O bi í, ó dákẹ́. O ní ìdákẹ́ yẹn ti tó ẹ̀rí. O gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹni tó ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní Irawo. O sì ti bá àwọn ẹbí dá ọjọ́ Jímọ̀, pé tí wọ́n bá ti kírun tán, kó wá fi Àlùkùránì búra lójú gbogbo wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tí ẹbí bá ti mú búra, ì báà jẹ́ aláìṣẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wò ó tẹ́lẹ̀ kọ́ ni wọ́n á máa fi wò ó mọ́.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, èmi náà fura sí i. Nígbà tí wọ́n fi okùn wọ́ bọ́ọ̀sì náà wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ rẹ ṣì wà létí mi: ọkọ̀ yìí kì í kú lọ́jọ́ mìíràn, àfi lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí aṣọ òkè bá kún inú rẹ̀, tó sì jẹ́ Abíọ́nà nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Ta ni ara ò ní fu? Ọkọ̀ wo ló mọ ọjọ́ ọjà? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ti kọ́ mi láti máa fura sí ohun gbogbo, títí kan ẹ̀rọ àyẹ̀wò tèmi gan-an.

Ọpọlọ ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó bá wà sí. Mo fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka tirẹ̀ jáde, mo fi wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ gíláàsì iwájú. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀ mi ò gbà, torí àwọn kan wà tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ kan sínú ọpọlọ òmíràn. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́lẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Ìwéré-Ilé ti gbẹ mọ́ gbogbo wọn lórí, kò sí èyí tí sípánà ti kàn. Ọpọlọ tó bá ọkọ̀ rẹ wọ̀lú ló ṣì wà níbẹ̀.

Kí wá ló dé tí ẹ̀rọ fi ní kò dáhùn? Ibí ni Ṣùkúrù ti ṣìnà, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣìnà. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kì í dárúkọ ọ̀daràn. Orúkọ ẹni tí wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ló ń dá. Bí mo bá pè ọ́ láti òdìkejì odò tí n kò gbọ́ ìdáhùn rẹ, ṣé ìwọ lo yadi ni, àbí atẹ́gùn ló gbé ohùn lọ? Ṣùkúrù ò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ohun tó sì jẹ́ kí ara túbọ̀ fu mí ni pé o ní ó ní ọpọlọ kan nílẹ̀ tó fẹ́ tà fún ọ. Ẹni tó ń kan pósí kọ́ ló yẹ kó máa sọ fún wa bóyá aláìsàn á yè.

Mo kọjú sí wáyà méjèèjì. Mo tú orí bátìrì, mo fi mítà tó ń wọn bí iná ṣe ń rí ọ̀nà kọjá sáàárín wọn. Bí ara wọn bá dá, ọgọ́ta ni mítà máa kà. Bí ìkángun kan bá já, á kà ọgọ́fà. Bí wọ́n bá fara kan ara wọn, á sún mọ́ òdo. Ọgọ́ta ló kà. Mo wa ọkọ̀ náà jáde, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba gbogbo kòtò tó wà ní ọ̀nà Ògbòòrò, mo wà á padà. Ó ń lọ bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Ìgbà yẹn gan-an ni mo fura sí àbúrò rẹ jù. Ọkọ̀ tí kì í kú lọ́wọ́ mi, tó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń kú! Mo ránṣẹ́ sí i ní Irawo.

Ó dé, ó ti rù. Mo ní kó jókòó sídìí ọkọ̀, kó ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe lọ́jọ́ ọjà láìfo ọ̀kan. Mo jókòó tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ológbò nídìí ẹja. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dìde. Ó tẹ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ni ohùn rẹ bá bú jáde lórí ọkọ̀: "Ẹ wá ra ojúlówó aṣọ òkè Ìsẹ́yìn! Èyí tí ìyàwó ń ró tí ọkọ fi ń gbàgbé oúnjẹ!" Kó tó kan oúnjẹ, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, ọwọ́ epo já wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú.

"Kí lo fọwọ́ kàn?" Mo pariwo mọ́ ọn.

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, Àǹtí Waheedat. Ohùn ìpolówó Àǹtí mi lásán ni mo tàn." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àfi tó bá jẹ́ pé ohùn wọn ń ba ọkọ̀ náà lẹ́rù bó ṣe ń bà mí."

Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ rẹ fi mọ ọjọ́ ọjà, ọ̀rẹ́ mi. Lọ́jọ́ ọjà nìkan lẹ ń lo gbohùngbohùn.

Mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Wáyà gbohùngbohùn, èyí tó nípọn tó ń gbé iná ńlá, gba abẹ́ ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ méjèèjì. Kò yẹ kí ìyẹn pa àwọn méjì tó kù lára, torí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti lọ́ wọn mọ́ra bí okùn. Ìlọ́ yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé: ọ̀kan á gbé e sókè, ìkejì á gbé e sísàlẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Bí ariwo iná bá kọ lù wọ́n níbi tí wọ́n ti lọ́ mọ́ra, bákan náà ló máa kan àwọn méjèèjì. Bí èèyàn gíga àti èèyàn kúkurú bá jọ gun orí tábìlì kan, àwọn méjèèjì ló sún sókè, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ọ̀kan fi ga ju ìkejì lọ ò yí padà. Bí o bá wá ya àwọn wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, ariwo á kan ọ̀kan ju ìkejì lọ, ọ̀rọ̀ á dàrú, kálukú á ní òun ò gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì mọ́.

Wọ́n ti tú tìrẹ. Láti ìdí àga awakọ̀ títí dé ẹ̀yìn, ẹnì kan fi sùúrù tú u, ó na ọ̀kan gbọọrọ sí ọ̀tún, ó na ìkejì sí òsì, wọ́n tẹ́jú bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sórí òfì. Kò sí ríwáyà tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn. Òwú aláárì ló fi dè wọ́n mọ́lẹ̀, pẹ̀lú kókó kékeré yẹn, Motúnráyọ̀, èyí tí ẹ fi ń so òwú tó já, tí kì í ní ìrù, tí o kọ́ mi títí ní àgbàlá ìyá rẹ tí mi ò mọ̀ ọ́n so dòní olónìí.

Mo bi Abíọ́nà ẹni tó ṣe é. Ó dákẹ́. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà fi ìdákẹ́ náà dá a lẹ́bi. Mo rọra tún un bi. Ó wá ní nígbà tí ẹ yọ àga ẹ̀yìn kí ẹrù òwú lè rí àyè, o rí wáyà méjì tó lọ́ mọ́ra, o pòṣé, o ní, "Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe jẹ́ kó lọ́ pọ̀! Ọ̀lẹ ló ṣe ọkọ̀ yìí." O jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, o tú u. Òun náà rò pé o tún un ṣe ni. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbèjà ara rẹ̀ nígbà tí o pè é lólè. Ó ní, "Ẹni tó pọ̀n mí dàgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi já wọn nírọ́?"

Mi ò bá ọ wí. Ọmọ ahunṣọ wo ló máa rí okùn méjì tó lọ́ pọ̀, tí ọwọ́ ò ní yún un? Ẹni tí mò ń fura sí ṣì ni Ṣùkúrù. Gẹ́gẹ́ bí Abíọ́nà ṣe sọ, Ṣùkúrù ló tẹ́ wáyà gbohùngbohùn yẹn lẹ́yìn tí o ti tú àwọn méjèèjì, ó rí wọn, kò sì bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Mi ò pè é lólè o. Mo kàn ní kí o má ra ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ títí á fi sọ ibi tó ti rí ọpọlọ tó ń tà.

Mo ti lọ́ wáyà náà padà, mo gbé ti gbohùngbohùn gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo polówó aṣọ rẹ títí àwọn aládùúgbò fi ń wá bi mí ní iye tí à ń tà á, ọkọ̀ ò kú. Kó lè dá mi lójú, mo mú gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó kú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dìde. Mo ti gbà báyìí.

Bá mi kí Ìyá, kí o bá mi fọwọ́ pa Ọlámipọ̀sí lórí. Láti òní lọ, bí o bá rí wáyà tó lọ́ mọ́ra nínú ọkọ̀, dá ọwọ́ rẹ dúró. Ọwọ́ Abíọ́nà nìkan ni mo máa fi kọ́kọ́rọ́ lé, nítorí náà má rán ẹlòmíràn. Kí o tó ká ìwé yìí, pe àwọn ẹbí, sọ fún wọn pé kò sí ìbúra lọ́jọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn náà, pe àbúrò rẹ. Bí kò bá dáhùn, má ro ibi kankan sí i. Tún un pè.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò mọ kókó so,
                                        Waheedat.