Bọ́ọ̀lù Tí N Kò Jù sí Mọ́nsúrátù

Ẹ̀yìn Ọjà, Ìbà,
Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
14 Oṣù Kẹfà, 1997.

Mọ́nsúrátù ọ̀rẹ́ mi,

Ta ni ènìyàn ń purọ́ fún nínú ìwé tí ẹlòmíràn kì í kà? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ìjẹta. Kí n tó sọ ohun tó bí i, mo kí ọ, mo kí Màmá àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù yín ní Alábà. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé ọjà ń tà, àti pé orúnkún tó ń dun Màmá ti ń rọ̀ wọ́n. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò le.

O mọ̀ pé mo máa ń kọ nǹkan sínú ìwé kí n tó sùn. O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ ẹ̀wà abọ́ méjì lónìí." Níjẹta, mo ń wá nǹkan nínú ìwé ọdún 1991, mo sì já lu ohun tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn obìnrin Navy Town nà wá nínú básíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo kọ ni pé: "A pàdánù nítorí pé Mọ́nsú kò dúró síbi tó yẹ." Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, irọ́ sì ni. Ìdí tí mo fi purọ́ fún kóòṣì yé mi. Èyí tí mo pa fún ìwé ni kò yé mi. Mo ti ka ìwé púpọ̀, n kò tíì rí èyí tó dá mi lóhùn.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè mọ̀ pé n kò gbàgbé ibì kankan. Bọ́ọ̀sì ni kóòṣì Ògúntádé ń wà láti Òkókómáìkò, ìdí nìyẹn tó fi sọ gbogbo ọgbọ́n tó kọ́ wa nídìí básíkẹ́ẹ̀tì ní orúkọ ibùdókọ̀. Ìyànà Ìbà ló dùn jù nínú wọn. Èmi á di bọ́ọ̀lù mú láàárín pápá. Ìbídùn, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé, á sá jáde láti igun. Ìwọ á lọ dúró sójú ọ̀nà ẹni tó ń ṣọ́ ọ, wàá ká ọwọ́ méjèèjì sáyà, wàá dúró gbagidi bí ògiri. Ìbídùn á sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ débi pé èjìká yín á fara kanra, ẹni tó ń lé e á sì kọlù ọ́. Ìgbà yẹn ni màá ju bọ́ọ̀lù sí Ìbídùn. Àmọ́ bí ẹni méjì bá tẹ̀ lé Ìbídùn, ìwọ á yí sí abẹ́ agbọ̀n, wàá nawọ́ sókè, ìwọ ni bọ́ọ̀lù sì tọ́ sí.

Odindi ọdún kan la fi ṣe é, apá kejì yẹn kò sì ṣẹlẹ̀ rí. Ìgúnpá ló ń kàn ọ́. Wọ́n gbá eyín kan jáde lẹ́nu rẹ ní Àjàǹgbàdì, o tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, o wò ó, o ní, "Ó ti ń mì tẹ́lẹ̀." A rẹ́rìn-ín títí. N kò rí ẹlòmíràn tó ń gba ìyà ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jẹ báyẹn tí kò béèrè nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Navy Town, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi jù wá lọ, àkókò tó kù kò sì ju ti bọ́ọ̀lù kan lọ. Mo pariwo, "Ìyànà Ìbà!" Ọmọbìnrin gíga tó ń ṣọ́ mi dá mi lóhùn bí èrò ọkọ̀, ó ní, "Ó wà o!" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nà kan náà làwọn náà ń gbà, wọ́n ti mọ àṣírí wa. Ẹni méjì ló tẹ̀ lé Ìbídùn. O yí, o nawọ́ sókè lábẹ́ agbọ̀n, kò sẹ́ni kankan nítòsí rẹ. O pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "Abọ́lá."

Mo rí ọ, Mọ́nsú. Mo rí ọ dáadáa. Àmọ́ mo tún rí àwọn ọkùnrin méjì tó wá láti Ìbàdàn, tí wọ́n jókòó sídìí tábìlì láti ṣa ẹni méjì lọ sínú ẹgbẹ́ wọn. Mo ti gbọ́ pé ó dájú pé wọ́n á mú Ìbídùn, pé nínú èmi àtìwọ ni wọ́n á ti mú ẹnì kejì. Èmi fúnra mi ni mo ju bọ́ọ̀lù náà sí agbọ̀n láti ọ̀nà jíjìn. Ó gbá irin, ó bọ́ síta.

Kóòṣì kò rí i, ó ń bá ẹni tó ń ṣọ́ aago fa ọ̀rọ̀. Ìbídùn náà kọ ẹ̀yìn sí ọ. O rántí òfin wa: ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́ á bọ́ síwájú, á ní, "Èmi ni," kóòṣì á ní, "Ó tán," ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a sílẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó mira. Kóòṣì kọjú sí mi, ó ní, "Balógun, ta ni?" Mo ní, "Mọ́nsú ni, sà. Kò sí níbi tó yẹ kó wà." O wò mí. Mo rò pé wàá pariwo lé mi lórí. O bọ́ síwájú, o ní, "Èmi ni." Títí dòní n kò mọ ìdí rẹ̀. Ṣé nítorí pé mo jẹ́ balógun yín ni, àbí ojú mi lo wò tí àánú mi ṣe ọ́? Èmi àti Ìbídùn lọ sí Ìbàdàn. Ìwọ padà sídìí wáyà àti púlọ́ọ̀gì ní ṣọ́ọ̀bù yín.

Ohun tí o kò mọ̀ ló kù yìí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a wà nílé kóòṣì, ó ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin tuntun ní Àjàǹgbàdì. Ràbíátù, balógun wọn, ní ìwọ ni wọ́n fẹ́, pé o ti kọ́ òun rí, níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, bí wọ́n ṣe ń dúró. Kóòṣì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́nsúrátù? Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń dúró sí? Kí ló fẹ́ fi kọ́ wọn?" Ó ti ní ó tán lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, kò tán lọ́kàn rẹ̀. Ràbíátù wojú mi. Mo ní, "Kóòṣì ló mọ̀ jù." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó ti Ìbàdàn wá.

Aago méje òwúrọ̀ yìí ni kóòṣì yóò kéde orúkọ ẹni tó yàn ní pápá Àjàǹgbàdì. Màá ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, màá sì sọ òótọ́ lójú gbogbo wọn. Bóyá yóò pe orúkọ rẹ, bóyá kò ní pè é, n kò mọ̀. Bó bá pè é, o lè kọ̀. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, nítorí n kò mọ̀ bóyá nítorí tìrẹ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, tàbí nítorí kí èmi lè sùn.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí o tún gba ìyà ẹlòmíràn jẹ. Kí ó fún Màmá ní ẹ̀mí gígùn, kí ọwọ́ rẹ má ṣe wálẹ̀ lófo mọ́ níbikíbi tí o bá ti nà án.

Èmi ni balógun rẹ àtijọ́, tó tún fẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ,
Abọ́lá.

Àfikún: Ràbíátù ni màá fi lẹ́tà yìí rán. N kò lẹ̀ ẹ́ pa. Mo ti sọ fún un pé ó lè kà á lọ́nà, kó sì kà á fún ẹni tó bá fẹ́. Ilẹ̀ ti mọ́, mo ti pa àtùpà.