Ẹ Dá Ìdúpẹ́ Náà Dúró Ná

Bàbá Ọlámidé,

Ẹ kú àbójútó ilé o. Kò síyọnu níbí ní Àbújá. Ọmọ tí mo wá bá wọn gbé ti ń rákò. Ọlámidé ìyá rẹ̀ náà wà dáadáa. Ó kàn máa ń sùn lórí ìdúró nídìí iná ni. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á pọn ọmọ, èmi á ṣí ìwé ìdánwò akáńtáǹtì rẹ̀, màá máa bi í ní ìbéèrè owó orí tí kò yé èmi fúnra mi.

Lánàá, ó ṣì í. Mo ní, "Tún un ṣe."

Ó ní, "Màmá, èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì yín mọ́ o!" Ó sì tún un ṣe, ó gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìdúpẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìdánwò rẹ̀ dúró. A ti dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí kí èsì tó dé. Ẹ̀yin náà rántí èsì ọ̀hún. Látìgbà tí gbogbo Fìdítì ti ń pè é ní "Akáńtáǹtì" ni kò ti fẹ́ wálé mọ́.

Èmi náà ò ní í wálé lóṣù yìí, ó di ìgbà tó bá kọ ìdánwò náà tán. Ẹ bá mi kí Díákónì Obadiah. Bí wọ́n bá bèèrè Akáńtáǹtì, ẹ ní Ọlámidé ń kàwé.

Èmi ni,
Josephine yín